iPhone 14 Amẹ́ríkà tí ò ní ihò síìmù, ṣé kí n rà á àbí kí n fi sílẹ̀?

Ọmọ_Ọ̀pá:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa fóònù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó kó owó mi fún wọn. Mo ń wá iPhone 14 tòkúnbọ̀, mo ti yí gbogbo ṣọ́ọ̀bù Lágéré ká, ẹnì kan wá gbé ọ̀kan tó mọ́ rekete jáde fún mi, iye tó pè é sì dín gan-an sí tàwọn yòókù, mo ti fẹ́ máa tọwọ́ bọ àpò kí n tó yí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wò pé kò síbi tí wọ́n ń ki síìmù bọ̀ rárá, ó kàn dán lọ bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní bọ̀dá, ihò síìmù ńkọ́? Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ti Amẹ́ríkà ni, eSIM ló ń lò, pé ojú mi ò tíì là. Ó wọ̀ mí lára díẹ̀ o, àmọ́ kò burú.

Ibi tó ti ń dùn mí nìyí. Líìnì méjì ni mò ń lò, ọ̀kan ni bánkì mi mọ̀, ìkejì ni mo fi ń ra dátà. Tí wọ́n bá mú iná lọ tí fóònù kú, mo kàn máa ń yọ síìmù kí n kì í bọ fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni, ayé ń lọ. Èyí tí ò níhò yìí, báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é? Ṣé wọ́n tiẹ̀ ń ṣe eSIM ní Nàìjíríà dáadáa? Àti pé kí ló dé tí owó ẹ̀ fi wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n_Modákẹ́kẹ́:
Àbúrò, ọkùnrin yẹn ò mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ ni, àmọ́ kò parọ́. Gbogbo iPhone 14 tí Apple tà ní Amẹ́ríkà láti 2022 ni ò níhò síìmù, 15 àti 16 ti ọ̀hún náà bẹ́ẹ̀ ni. 13 àti SE ti 2022 ló níhò gbẹ̀yìn lọ́dọ̀ wọn. iPhone Air tó jáde ní 2025 kò tiẹ̀ níhò níbi kankan láyé. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé nígbà táwọn iFixit, àwọn tó máa ń tú fóònù wò, tú 14 Pro Max ti Amẹ́ríkà palẹ̀, ibi tó yẹ kí síìmù wà, ike lásán ni Apple fi dí i. Ẹ gbà á lọ́wọ́ èèyàn, ẹ ò wá fi bátìrì síbẹ̀!

eSIM ò le. Síìmù tó o mọ̀ yẹn, ṣíìpù ara ẹ̀ ló ń sọ fún nẹ́tíwọ́kì pé ìwọ rèé. Ti eSIM, wọ́n ti lẹ ṣíìpù náà pa mọ́ bọ́ọ̀dù inú fóònù láti ilé iṣẹ́, nẹ́tíwọ́kì á wá fún ẹ ní kóòdù QR, o máa fi kámẹ́rà wò ó, líìnì ẹ á wọlé látorí íntánẹ́ẹ̀tì. Rí i pé wáìfáì tàbí hotspot ẹnì kan wà nítòsí o, torí fóònù tí ò tíì ní líìnì, níbo ló ti fẹ́ rí dátà? 14 lè gbé tó mẹ́jọ pamọ́ sínú, àmọ́ méjì ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí náà líìnì méjèèjì tìẹ máa gbà. MTN ti bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò ní Nàìjíríà láti 2020, Airtel náà ń ṣe é. NIN ẹ ni wọ́n máa béèrè.

ÌyáÌbejì_Sábó:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò dáhùn ìbéèrè ọmọ yìí. Ó ní tí iná bá lọ ńkọ́? Èmi tí mò ń ṣe POS, fóònù onítọ́ọ̀ṣì yẹn ló ń gbà mí lójoojúmọ́. Lọ́dún tó kọjá mo gbé líìnì mi sórí eSIM torí wọ́n ní òun ló lòde, skríìnì bá fọ́ lọ́jọ́ ọjà, àwọn kọ́sítọ́mà dúró, bánkì ń fi kóòdù ránṣẹ́ mi ò ríbi kà á. Mo sáré dé ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́kì, wọ́n ní ẹ̀rọ àwọn ò ṣiṣẹ́, kí n padà wá lọ́la. Ọ̀la kẹ̀! Ká ní síìmù gidi ni, mà á ti yọ ọ́ bọ fóònù míì kí ẹni tó dúró tó mí kanlẹ̀. Ẹni tí owó ẹ̀ wà lórí líìnì ò gbọ́dọ̀ fi gbogbo ẹ̀ sínú nǹkan tí ò ṣeé yọ. Tèmi nìyẹn o.

Tísà_Ìláré:
Ìyá Ìbejì, ohun tí ò ṣeé yọ yẹn náà ni mo fi fẹ́ràn ẹ̀. Tí olè bá já fóònù oníhò gbà, síìmù ló kọ́kọ́ ń yọ, á kì í bọ fóònù tiẹ̀, á fi kóòdù bánkì kó owó lọ kẹ́ ẹ tó délé. eSIM, kò rí i yọ. Tí fóònù bá wà ní títì, níbo ló fẹ́ gbà?

Adé_Oníṣẹ́_Fóònù:
Gbogbo yín ń sọ ti eSIM, owó tó wálẹ̀ yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ máa bi í. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí. Lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ èèyàn ń ra fóònù díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ nẹ́tíwọ́kì ni, wọ́n á sì ti fóònù náà mọ́ nẹ́tíwọ́kì ọ̀hún títí wọ́n á fi san gbèsè tán. Ẹlòmíì ò san tán tó fi tà á, ó bá wọ ọkọ̀ ojú omi, ó dé Lágéré. Láyé iPhone 11 àti 12, a máa ń fi ṣíìpù pẹlẹbẹ kan sábẹ́ síìmù kó lè tan fóònù náà jẹ. Èyí tí ò níhò, abẹ́ kí lo fẹ́ fi í sí? Ìdí tí títì ti 14 Amẹ́ríkà fi ń fa wàhálà nìyẹn, tí wọ́n fi ń tà á lówó pọ́ọ́kú fún ẹni tí ò bá béèrè.

Torí náà, lọ sí Settings, General, About. Wá ibi tí wọ́n kọ Carrier Lock sí. “No SIM restrictions” ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, tó bá jẹ́ nǹkan míì, sọ fún bọ̀dá yẹn pé ó dàbọ̀, máa lọ. Wo Model Number náà. Tó bá fi M bẹ̀rẹ̀, tuntun ni wọ́n kọ́kọ́ tà á, F ni èyí tí Apple tún ṣe, N ni wọ́n fi pààrọ̀ fún ẹni tí tiẹ̀ bàjẹ́. LL/A ní ìparí, Amẹ́ríkà nìyẹn. B/A, ti ìlú ọba, ó níhò síìmù kan, ó sì tún gba eSIM. Ti Ṣáínà tó jẹ́ CH/A, síìmù méjì tó kọ ẹ̀yìn síra ló ń gbà, eSIM ò sí nínú 14 tiwọn rárá. Wo ibi Parts and Service History tó bá wà níbẹ̀, tó o bá rí “Unknown Part” níwájú bátìrì tàbí skríìnì, o ti mọ̀ pé wọ́n ti ṣí i.

Àwọn kan tún wà tó ń gé ẹ̀gbẹ́ ti Amẹ́ríkà, wọ́n á fi ihò síìmù tí wọ́n ṣe fúnra wọn síbẹ̀. Mo ti rí iṣẹ́ tó mọ́, mo ti rí èyí tí gọ́ọ̀mù ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Omi kékeré kán sí i, ó parí. Èmi ò lè rà á.

Kunle_Campus:
Ẹ rántí ṣájà o. 14 ṣì ń lo Lightning, láti 15 lọ ni wọ́n bọ́ sí USB-C, torí Yúróòpù ti ṣòfin pé láti 28 December 2024 gbogbo fóònù tuntun tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ USB-C. Tó o bá lè fi nǹkan díẹ̀ kún un, ra 15, wáyà Tecno àbúrò ẹ á ṣiṣẹ́ fún un tó bá jẹ́ USB-C.

Ọmọ_Ọ̀pá:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n Adé ẹ kú iṣẹ́. Mo padà lọ lọ́sàn-án yìí, mo ní kó ṣí About fún mi, ó ní bátìrì ti fẹ́ kú, ó lóun máa fi ṣájà sí i, a jọ ń wojú ara wa títí mo fi jáde. B/A ni mò ń wá báyìí. Tí mo bá rí i, èwo nínú líìnì méjèèjì ni kí n fi sí eSIM?

ÌyáÌbejì_Sábó:
Dátà ni kó o gbé sí eSIM, ọmọ mi. Ti bánkì, ki síìmù ẹ̀ bọ ihò, kó o lè yọ ọ́ nígbàkigbà.

Tísà_Ìláré:
Mo fara mọ́ ìyá, àmọ́ fi PIN ti síìmù bánkì yẹn pa nítorí olè, Settings, Cellular, SIM PIN. Béèrè PIN àkọ́kọ́ lọ́wọ́ nẹ́tíwọ́kì ẹ, má méfò ó o, tó o bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta á tì, o máa wá PUK, ìyẹn kóòdù tí nẹ́tíwọ́kì fi ń ṣí i.