Ṣé kòkòrò ìgbẹ́ gbuuru "lẹ̀ mọ́" ìfun ni, àbí ó "dì mọ́" ọn?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé pélébé lórí ìgbẹ́ gbuuru fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera níbí ní Òṣogbo pe bí bakitéríà ṣe ń fara mọ́ ìfun ní "ìlẹ̀mọ́". Ẹnì kan fèsì pé "àfòmọ́" ló dáa jù. Mi ò gba ti àkọ́kọ́. Mo sì fẹ́ràn èkejì ju bó ti yẹ lọ.

Ohun tó bá lẹ̀ mọ́ nǹkan, tí a bá bomi sí i, yóò ṣí. Ìyá tó bá gbọ́ "lẹ̀ mọ́" ní Ọjà Ọba, àgbo tí yóò fọ inú ọmọ ló máa béèrè (ìyẹn bí kò bá ti sọ pé eyín ló ń hù). Ọmọ tí omi ara rẹ̀ ń gbẹ, a ó tún wá fún un ní ohun tí yóò mú un yàgbẹ́ sí i!

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí kòkòrò náà ń ṣe gan-an. Bakitéríà E. coli, tí Theodor Escherich ará Jámánì ṣàwárí ní 1885, pọ̀ ní oríṣi. Ọ̀pọ̀ wọn ń gbé inú ìfun wa láìṣe wá ní nǹkan kan. Èyí tí wọ́n ń pè ní ETEC ń fi irun tín-ín-rín kọ́ ara ìfun, kì í ba ibẹ̀ jẹ́. Ibi tó rọ̀ sí yẹn ló ti ń tu oró, oró náà ló sì ń mú kí ìfun máa da omi sílẹ̀. "Rọ̀ mọ́" bá a mu.

Oríṣi E. coli mìíràn, EPEC, ló dá wàhálà sílẹ̀. Òun náà á kọ́kọ́ fi irun rọ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, á ti abẹ́rẹ́ oníhò bọ sẹ́ẹ̀lì ìfun, á gba ibẹ̀ fi purotéènì kan tó ń jẹ́ Tir ránṣẹ́ sínú. Tir á yọ orí síta lára sẹ́ẹ̀lì, kòkòrò á sì fi purotéènì tara rẹ̀, intimin, gbá a mú ṣinṣin. Irun kéékèèké tí ìfun fi ń gba oúnjẹ sára á pa rẹ́ níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ á wá mọ pèpéle sábẹ́ kòkòrò, á gbé e sókè téńté. (Ẹ jẹ́ ká gba "pèpéle" láìjà, ilé àtijọ́ mélòó ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni kò ní in?) Tẹ́lẹ̀, wọ́n rò pé ara wa ni Tir ti wá. Ọdún 1997 ni àwọn olùwádìí ní Kánádà fi hàn pé kòkòrò ló gbé e wá.

Ìdí tí àfòmọ́ fi wù mí nìyẹn. Àfòmọ́ orí igi obì kì í kàn jókòó sórí ẹ̀ka, ó ń wọ inú rẹ̀ lọ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ló ń bá tan. EPEC kò bá ìfun tan. Ohun tó máa dì mú, òun ló gbé e dání. Yàtọ̀ síyẹn, àwọn onígírámà ti gba ọ̀rọ̀ náà tipẹ́ fún ègé tí a ń fi kún ọ̀rọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbọ́ "àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀", "ì-" tó wà níwájú "ìlẹ̀mọ́" gan-an ló máa wá sí i lọ́kàn.

Nítorí náà, "ìrọ̀mọ́" fún ti irun, "ìdìmọ́" fún ti Tir àti intimin. Ẹ ó ní tọkọtaya ló ń dì mọ́ra. Kò burú, ṣé ìfun náà kò lọ́wọ́ sí i ni? Òun kọ́ ló mọ pèpéle?

Ìwé tí ìyá ọmọ máa kà kò nílò ọ̀rọ̀-orúkọ kankan. Mo dábàá pé kí wọ́n kọ ọ́ báyìí: "Kòkòrò náà ti dì mọ́ ìfun, oògùn ìyàgbẹ́ kò lè já a. Ẹ máa fún ọmọ ní omi iyọ̀ àti ṣúgà, kí omi tó ń jáde lára rẹ̀ lè máa padà." Gbólóhùn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, pé kí ọmọ lo síńkì fún ọjọ́ 10 sí 14, ẹ̀gbọ́n ti kọ ọ́ dáadáa.