Ìkòkò tí àwọn Caddo gbé ti òkú wọn: báwo ni kí n ṣe kọ̀wé nípa rẹ̀?

Ọmọ Ilódè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà, mo sì ń kọ àpilẹ̀kọ lórí ìkòkò àwọn Caddo, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tí ilẹ̀ baba ńlá wọn wà níbi tí Texas, Louisiana, Arkansas àti Oklahoma ti pààlà. Ọ̀pọ̀ ìkòkò wọn àtijọ́ tó ṣì wà lódindi, inú sàréè ni wọ́n ti hú u jáde, nítorí pé wọ́n máa ń gbé àwo àti ìgò amọ̀ ti òkú. Àwòrán nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Kí ni mo lè rí kà lára rẹ̀? Ṣé ó sì tọ́ kí n lẹ àwòrán bẹ́ẹ̀ mọ́ pátákó níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́? Egungun ẹni tí wọ́n sin hàn nínú ọ̀kan, mo sì ti ṣí i wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìlè pinnu.

Bàbá Awalẹ̀pìtàn:
Àbúrò, ara ìlà ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn amọ̀kòkò Caddo máa ń fi òkúta tó jọ̀lọ̀ ra ara ìkòkò títí yóò fi dán, wọn a sì fi ohun ẹlẹ́nu ṣónṣó fín ìlà wínníwínní sí i lẹ́yìn tí amọ̀ bá ti gbẹ, tàbí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sun ún pàápàá. Wo etí ìlà náà dáadáa: bí amọ̀ bá wú díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣì tutù nígbà tí wọ́n fà á, bí etí rẹ̀ bá ṣá wẹ́wẹ́, ó ti gbẹ. Tún wá àwọ̀ nínú ìlà, nítorí wọ́n máa ń fi ilẹ̀ pupa tàbí amọ̀ funfun kún un kí ọnà náà lè yọ lára ìkòkò dúdú.

Ohun tí àwòrán kò lè fi hàn ọ́ ni inú amọ̀. Wọ́n máa ń gún àpáàdì tàbí egungun ẹran, wọn a pò ó mọ́ amọ̀. Àpáàdì ti la iná kọjá, kì í sún kì mọ́, ìdí nìyẹn tí kì í jẹ́ kí ìkòkò tètè sán.

Ọmọ Amọ̀kòkò Ìpetumodù:
Ẹ ṣeun, Bàbá. Àwọn Caddo máa ń ká amọ̀ bí okùn léra wọn ni. Ní tiwa, ìyá mi àgbà á dojú ìkòkò àtijọ́ délẹ̀, á sì na amọ̀ lé ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́ nínú iná, wọ́n á fi ìka kàn án, wọ́n á dẹtí. Bó bá dún gooro, ó yè. Inú mi dùn gan-an láti gbọ́ pé ìkòkò tó fọ́ lọ́hùn-ún tún ń wọ inú ìkòkò tuntun.

Àbúrò, má kọ ọ́ bí ẹni pé àwọn ènìyàn náà ti tán. Ní ọdún 1859 ni wọ́n lé wọn kúrò ní Texas lọ sí ibi tó di Oklahoma lónìí, iṣẹ́ ìkòkò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parun, ṣùgbọ́n Jereldine Redcorn, ọmọ Caddo, bẹ̀rẹ̀ sí jí i dìde láti ọdún 1991. Ìkòkò rẹ̀ kan wà nínú ọ́fíìsì Obama nígbà tó jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà.

Bàbá Awalẹ̀pìtàn:
Òótọ́ ni. Ní ti àwòrán, òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1990 pàṣẹ pé kí a dá egungun àti ẹrù inú sàréè padà fún àwọn ọmọ onílẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ wọn kó tó pàtẹ ẹ tàbí ṣèwádìí lórí rẹ̀; Field Museum ní Chicago tilẹ̀ fi nǹkan bo àwọn àpótí ìpàtẹ kan. Òfin náà kò dé Ifẹ̀, ṣùgbọ́n wo egungun tí awalẹ̀pìtàn Peter Garlake hú jáde ní ilẹ̀ Ọbàlára níbí. Bí ẹnì kan bá lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ògiri lókè òkun láìbi ẹnikẹ́ni nínú wa, ṣé yóò dùn mọ́ ọ?

Ọmọ Ilódè:
Kò ní dùn mọ́ mi rárá, sà. Mo ti yọ àwòrán tí egungun wà nínú rẹ̀ kúrò. Èmi yóò kọ̀wé sí Caddo Nation, ìjọba àwọn Caddo fúnra wọn, ní Binger, Oklahoma, kí n tó lo èyíkéyìí nínú àwọn yòókù. Ẹ̀gbọ́n Ìpetumodù, ṣé ìyá àgbà ṣì ń sun ìkòkò? Mo fẹ́ wá dẹtí sí èyí tó ń dún gooro.