Màmá mi fìdí rẹmi nínú ìdánwò ọpọlọ orí fóònù, ṣé Alzheimer ni?

Àbẹ̀kẹ́_Bódìjà:
Ẹ kú ojúmọ́ o. Màmá mi ti pé 73, ó ti ṣe díẹ̀ tí wọ́n ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀, ni mo bá gbé áàpù kan sórí fóònù tí wọ́n ní ó ń tètè fura sí Alzheimer, àrùn ọpọlọ tó ń mú káwọn àgbà máa gbàgbé nǹkan. Háà! Ìka màmá á pẹ́ lójú fóònù, nǹkan mìíràn á yọ, wọ́n á ní "ṣé mi ò tíì bà á jẹ́ báyìí?" Àwòrán ẹranko kan yọ, wọ́n ní àgbáǹréré ni, mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, áàpù ní rárá, rhino lédè Òyìnbó ló fẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹranko kan náà ni 😩 Nígbà tó parí ó ní ká lọ rí dókítà. Oorun ò kùn mí láti àná. Ṣé kí n gbà á gbọ́?

Nọ́ọ̀sì_Manchester:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Áàpù ò lè sọ pé Alzheimer ni, kó ní ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò ló mọ. MoCA, ìdánwò ìrántí àti ìrònú tí à ń lò níbí, 30 ni gbogbo máàkì ẹ̀, 26 sókè la kà sí dáadáa, ẹni tí ò lò ju ọdún 12 lọ nílé ìwé, a máa ń fi 1 kún tiẹ̀. Ti kọ̀ǹpútà wúlò o, téèyàn bá ń ya aago, aago tó yà nìkan ni bébà á fi hàn wá, kọ̀ǹpútà á rí ibi tó ti dúró ronú kó tó fa ọwọ́ aago. Àmọ́ ẹni tí ò lo fóònù bẹ́ẹ̀ rí, ṣé ọpọlọ lẹ̀ ń dán wò àbí fóònù? Kí dókítà wo thyroid wọn (ẹ̀yà ara kan tó wà lọ́rùn) àti vitamin B12 wọn, àti oògùn tí wọ́n ń lò, àti etí wọn, gbogbo ẹ̀ ló lè mú kéèyàn dà bí ẹni tó ń gbàgbé.

Ọmọ_Ìdíkàn:
Wọ́n ti ṣèwádìí Alzheimer ládùúgbò wa, Ìdíkàn n'Ìbàdàn! Láti 1992 ni àwọn onímọ̀ bíi Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn àgbà Ìdíkàn, wọ́n fi wọ́n wé àwọn adúláwọ̀ Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Èsì tó jáde ní 2001, nínú àgbà 100, Alzheimer tuntun lọ́dún kan jẹ́ 1.15 n'Ìbàdàn, 2.52 lọ́hùn-ún. Yorùbá ni wọ́n fi bi àwọn bàbá àti ìyá wa, wọ́n á tún bi ẹni tó ń bá wọn gbé. Ta ló ń bá màmá gbé?

Àbẹ̀kẹ́_Bódìjà:
Àbúrò mi ọkùnrin ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é ni, ó ní láti Kérésì ni màmá ti ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, òun ò fẹ́ kó mi láyà sókè ni. Mọ́ńdè la máa lọ.