Kúsíkúsì 30 èèyàn pẹ̀lú ata àti ìgbá sísun: kí ló ń sọ ọ́ di ẹ̀bà?

Ọmọ Adó: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà alásè. Oúnjẹ 30 èèyàn ni wọ́n gbé fún mi fún Sátidé tó ń bọ̀, ní Adó-Èkìtì níbí. Ẹni tó ni ìnáwó náà ní òun ò fẹ́ ìrẹsì, kúsíkúsì (hóró wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi àlìkámà ṣe) lòun fẹ́, pẹ̀lú tàtàṣé, ìgbá, kárọ́ọ̀tì àti àlùbọ́sà tí wọ́n sun lórí èédú. Mo fi páálí 500 gíráàmù kan dán an wò. Mo gbé omi kaná, mo da kúsíkúsì sí i, mo dé e lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú 10. Ìsàlẹ̀ jóná, àárín lẹ̀ pọ̀ bí ẹ̀bà, òkè ṣì le. Nígbà tí mo wá da ata àti ìgbá sísun lé e, wọ́n tú omi sí i, ló bá di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀.

Omi mélòó ló ń lọ sí kúsíkúsì mélòó? Kílò mélòó ló máa tó 30 èèyàn? Báwo ni ẹ ṣe ń sun àwọn nǹkan wọ̀nyẹn tí wọn kì í fi í tú omi? Ṣé mo sì lè sè é sílẹ̀ lálẹ́ Fúráídé?

Ìyá Alásè, Ìkéré: Ọmọ mi, orí iná tó o gbé e sí ló bà á jẹ́. Kúsíkúsì inú páálí, wọ́n ti fi ooru sè é ní ilé iṣẹ́, wọ́n sì ti mú kó gbẹ kí wọ́n tó dì í. O ò sè é mọ́, omi gbígbóná lo fẹ́ fún un mu. Tí o bá fi í sílẹ̀ lórí iná, èyí tó wà nísàlẹ̀ á mu omi tán, á sì máa jóná, èyí tó wà lókè ò tíì rí omi rárá.

Bó o ṣe máa ṣe é nìyí. Ife tó o fi wọn kúsíkúsì náà ni kó o fi wọn omi: ife kan sí ife kan. Da kúsíkúsì gbígbẹ sínú abọ́ fífẹ̀, má dà á sínú ìkòkò tó jin. Fi òróró ṣíbí ìjẹun kan sí ife kọ̀ọ̀kan, kó o wá fi ọwọ́ rà á títí hóró kọ̀ọ̀kan á fi máa dán. Òróró yẹn ni kì í jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Iyọ̀ àti magí, inú omi ni kó o fi wọ́n sí, kí omi náà sì hó dáadáa. Dà á lé kúsíkúsì yíká, fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ́ ojú rẹ̀ kó dọ́gba, má rò ó. Dé e pa pẹ̀lú fóìlì tàbí ọpọ́n. Ìṣẹ́jú 5 sí 7 ti tó.

Tó o bá ṣí i, fọ́ọ̀kì ni kó o mú. Bẹ̀rẹ̀ láti etí abọ́, máa tú u wá sí àárín. Ọmọorógùn ò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀ o, ká má bàa padà sí ẹ̀bà. Mú hóró kan sáàárín ìka méjì, tẹ̀ ẹ́: kó rọ̀ tinú tòde. Tó o bá rí funfun gbígbẹ láàárín, wọ́n omi híhó ṣíbí méjì sí i, dé e fún ìṣẹ́jú 3 sí i. Omi tó kéré ṣeé fi kún, èyí tó pọ̀ jù kò ṣeé yọ.

Bàbá Oníyán: Kí ló dé tẹ́ ẹ ń fi nǹkan kékeré ṣe wàhálà? Ẹ bu omi tó pọ̀ sí i bí ẹni ń se ìrẹsì Ìgbẹ́mọ, tó bá rọ̀, ẹ sẹ́ ẹ. Ó parí.

Ìyá Alásè, Ìkéré: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà á jẹ́ fún ọmọ náà. Odindi hóró ni ìrẹsì, ìdí nìyẹn tó fi ṣeé sẹ́. Kúsíkúsì, àlìkámà líle tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi omi yí di hóró ni. Tí omi bá pọ̀ lójú ẹ̀, hóró náà á tú, á padà di ìyẹ̀fun. Tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ sẹ́ ẹ, ìdajì á bá ojú asẹ́ lọ, èyí tó kù á dà bí sẹ̀mó tí kò jinná. Ẹbí kan náà sì ni òun àti sẹ̀mó, àlìkámà ni àwọn méjèèjì.

Bàbá Oníyán: Ó dáa o. Iyán ò ní irú wàhálà yìí.

Mọ̀ọ́nwọ̀n: Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Tó bá jẹ́ òun gan-an ni oúnjẹ, gíráàmù 75 gbígbẹ ti tó àgbàlagbà kan, torí yóò wú dé ìlọ́po méjì ó lé. 75 lọ́nà 30 jẹ́ 2,250. Ra páálí 500 gíráàmù márùn-ún, ìyẹn kílò 2 àbọ̀, kí ìwọ̀nba lè ṣẹ́ kù fún ẹni tó bá fẹ́ fi kún un. Páálí kan máa ń tó nǹkan bí ife mẹ́ta ó dín díẹ̀, tó bá jẹ́ ife mílílítà 250. Páálí márùn-ún á gba omi bíi lítà 3 àbọ̀. Àmọ́ ife ni kó o tẹ̀ lé lọ́jọ́ náà, má tẹ̀ lé lítà tí mo kọ yìí, torí hóró páálí kan máa ń tóbi ju ti òmíràn lọ.

Má da márààrún sínú abọ́ kan. Páálí kan tàbí méjì sí abọ́ kan, kí gíga rẹ̀ má ju ìka mẹ́ta lọ nígbà tó ṣì gbẹ. Tó bá ga jù, ẹrù òkè á tẹ ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, ooru á há síbẹ̀, á sì dì gbàgì. Omi tún ń tutù bó o ṣe ń dà á káàkiri, nítorí náà se omi abọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Ní ti ohun sísun, gíráàmù 200 tútù fún ẹnì kan, torí wọ́n máa ń sún kì. Ìyẹn jẹ́ kílò 6: tàtàṣé 2, ìgbá 1 àbọ̀, àlùbọ́sà 1 àbọ̀, kárọ́ọ̀tì 1. Ní Ọjà Ọba tàbí Ọjà Bísí, ẹni tó bá ń ta ata kì í fẹ́ kéèyàn ṣà, ṣùgbọ́n ṣà á. Tàtàṣé tí ara rẹ̀ nípọn, tó ń dán, tí ìdí rẹ̀ ṣì tutù ni kó o mú. Ṣọ̀ǹbọ̀ tín-ín-rín ju èyí tá a lè sun lọ, kó o tó bó o, ó ti jóná.

Asunṣu Ọ̀yẹ́: Ibi omi ni mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń wá ẹ̀fọ́ sísun, kì í ṣe tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ là ń sọ o, ata àti ìgbá ni. Omi ló pọ̀ jù nínú gbogbo wọn. Orí iná ni kí omi yẹn ti lọ, kì í ṣe inú kúsíkúsì.

Dá iná èédú sílẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì wákàtí ṣáájú. Má gbé ohunkóhun lé e títí ọwọ́ iná á fi kú, tí eérú funfun á bo ẹyin iná. Na àtẹ́lẹwọ́ sókè wáyà ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan: tó o bá lè ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin kó tó lé ọ kúrò, ó tó fún ìgbá àti kárọ́ọ̀tì. Tó o bá ka méje láì yọwọ́, iná ti kéré, yóò kàn máa se wọ́n jẹ́jẹ́ ni, wọn ò ní sun.

Tàtàṣé: gbé odindi lé ibi tí iná ti le jù, máa fi ẹ̀mú yí i. Kó dúdú yíká, ìṣẹ́jú 10 sí 12. Má bẹ̀rù dúdú náà, awọ ni. Kó o wá kó wọn sínú abọ́, dé e fún ìṣẹ́jú 10, ooru á tú awọ kúrò lára, ìka lásán lo máa fi bó o. Má fi omi ṣan án. Omi á gbé òórùn èédú lọ, òun gan-an lo tìtorí ẹ̀ dáná. Omi pupa tó bá dà sílẹ̀ nígbà tó o bá ya á, gbà á pa mọ́.

Kárọ́ọ̀tì: là á sí méjì lóòró, bọ̀ ọ́ nínú omi oníyọ̀ fún ìṣẹ́jú 4 sí 5, sẹ́ ẹ, nù ún gbẹ. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn á dúdú, inú á ṣì máa ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lẹ́nu.

Ìgbá: èyí tó tóbi, tó ní àwọ̀ àlùkò, ló dára jù. Àwọn wẹ́wẹ́ funfun ní kóró púpọ̀, wọ́n sì máa ń korò. Gé e nípọn bí ìka ọmọdé, wọ́n iyọ̀ sí i fún ìṣẹ́jú 20, omi á yọ lójú rẹ̀ bí òógùn, fi aṣọ mímọ́ nù ún. Ìgbá ń mu òróró bíi fóòmù, nítorí náà, ìgbà tó o bá fẹ́ gbé e lé wáyà ni kó o tó fi òróró pa á. Ìṣẹ́jú 3 sí 4 fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Àlùbọ́sà: gé e ní òbìrìkìtì, fi igi súyà tó ti wà nínú omi fún ìdajì wákàtí gún un láti ẹ̀gbẹ́ kí ó má tú.

Òróró, ara nǹkan tó ò ń sun ni kó lọ, kì í ṣe wáyà. Èyí tó bá kán sí ẹyin iná á ru èéfín dúdú sókè, ó korò. Má sì kó wọn pọ̀ lórí wáyà. Tí ara wọn bá kanra, omi ọ̀kan á máa se èkejì.

Ibi tí mo rò pé tìrẹ ti bàjẹ́ nìyí: ṣé kì í ṣe pé o sun wọ́n tán, o kó wọn gbígbóná sínú kúlà, o dé e? Ooru tó há síbẹ̀ á di omi. Tẹ́ wọn sórí asẹ́ tàbí ajere, ní ìpele kan, fún ìṣẹ́jú 10 láì bò wọ́n, kó o tó dà wọ́n pọ̀.

Ọmọ Adó: Ẹ̀yin gan-an lẹ mọ̀ ọ́n, inú kúlà ni mo kó wọn sí. Ṣé kí n fi kùkúńbà kún un? Mo rí nǹkan aláwọ̀ ewé kan tó gùn nínú àwòrán irú oúnjẹ yìí.

Asunṣu Ọ̀yẹ́: Kì í ṣe kùkúńbà. Zucchini nìyẹn, ìbátan elégédé. Kùkúńbà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi lásán, tó o bá gbé e lé iná á kàn rọ jọwọlọ ni. Elégédé tí kò tíì gbó, gígé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ló sún mọ́ ọn jù.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìyìn: Ṣé bí àwọn ará Mòrókò náà ṣe ń ṣe é nìyí, omi gbígbóná lásán?

Ìyá Alásè, Ìkéré: Rárá. Ní Mòrókò, Àlùjíríà àti Tùnísíà, ìkòkò alálàjà méjì ni wọ́n ń lò: ọbẹ̀ wà nísàlẹ̀, kúsíkúsì wà nínú èyí tó ní ihò lókè. Ajere wa gẹ́lẹ́. Wọ́n á fi aṣọ tútù tàbí ìyẹ̀fun pípò dí ojú ibi tí ìkòkò méjèèjì ti pàdé kí ooru má bàa jò. Wọ́n á sè é fún bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n omi sí i, fi ọwọ́ tú u, wọ́n á tún gbé e padà, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Hóró rẹ̀ máa ń fúyẹ́ ju ti omi gbígbóná lọ, mi ò ní purọ́. Ní 2020, UNESCO kọ ìmọ̀ sísè rẹ̀ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé, orúkọ Mọriténíà náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n 30 èèyàn ní Sátidé, omi híhó ni kó o fi ṣe é.

Aládùn: Ẹ ò tíì sọ ohun tó máa fún un ládùn. Kúsíkúsì fúnra rẹ̀ kò ní adùn kankan, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí i. Fún kílò 2 àbọ̀: òróró mílílítà 300, omi ọsàn wẹ́wẹ́ mílílítà 150, ááyù ẹyọ 8 tí a gún, ata gígún ṣíbí tíì méjì, kúmínì (cumin) ṣíbí ìjẹun kan tí a yan gbẹ kí a tó lọ̀ ọ́. Omi pupa tàtàṣé tó gbà pa mọ́, inú ibí ló ń lọ. Lù wọ́n pọ̀. Da ìdajì sórí ata àti ìgbá nígbà tí wọ́n ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́, wọn á mu ún. Ìdajì yòókù, kúsíkúsì ni. Efinrin tútù gígé wẹ́wẹ́ ni kó gbẹ̀yìn pátápátá, torí ooru máa ń sọ ọ́ di dúdú.

Magí mẹ́ta ti tó fún gbogbo omi yẹn, kó o wá tọ́ iyọ̀ wò. Kó o sì sọ fún ẹni tó ni ìnáwó pé àlìkámà ni. Ẹni tí àlìkámà ò bá lára mu ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Àwọn kan sì máa ń sọ pé oúnjẹ àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ni, pé kò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Oúnjẹ afáralókun ni bí ìrẹsì, kí wọ́n wọn ọn.

Mọ̀ọ́nwọ̀n: Ní ti Fúráídé: ata àti ìgbá ṣeé sun sílẹ̀, tí fíríìjì bá ń ṣiṣẹ́. Jẹ́ kí wọ́n tutù tán, kó o tó bò wọ́n. Tí iná ìjọba ò bá dá ọ lójú, Sátidé ni kó o sun wọ́n. Kúsíkúsì kò gbà ju ìdajì wákàtí lọ, kí ló dé tó o fẹ́ sè é mọ́jú? Oúnjẹ ìyẹ̀fun tó bá pẹ́ níta nínú ooru ju wákàtí méjì lọ lè mú kí inú máa run èèyàn. Tó o bá fẹ́ gbé e lọ, kúlà kan fún kúsíkúsì, òmíràn fún ohun sísun, kó o tẹ́ aṣọ mímọ́ sábẹ́ ìdérí kó lè gba omi tó bá fẹ́ kán. Ibi ìnáwó ni kó o ti dà wọ́n pọ̀.

Ọmọ Adó: Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìbéèrè kan ló kù. Tí òjò bá rọ̀ ńkọ́?

Asunṣu Ọ̀yẹ́: Páànù irin tó nípọn, gbígbẹ. Gbé e kaná títí ẹ̀kán omi kan á fi máa sáré kiri lórí rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀díẹ̀ ni kó o máa kó sí i, má sì yí i kí ìṣẹ́jú 3 tó pé, torí àìsinmi ọwọ́ ni kì í jẹ́ kó ní àmì iná. Tàtàṣé, fi ẹ̀mú dì í mú sórí iná gáàsì tààrà. Àmọ́ ra èédú náà látòní. Mú ẹyọ méjì, kan wọ́n mọ́ra: èyí tó gbẹ máa ń dún gbọnrangandan bí àwo tánńganran. Èyí tó bá dún pùkẹ̀ ti mumi, fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.