Mo fẹ́ fi iṣẹ́ bánkì sílẹ̀ lọ Kétu, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ỌmọWàndó (Àjàṣẹ́)
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Bánkì ni mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Àjàṣẹ́ níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, ẹ̀ka tó ń yáni lówó ni mo wà. Ẹgbẹ́ kan ń wá ẹni tó máa bá wọn ṣètò ẹ̀kọ́ fáwọn tó ti ní okòwò lọ́wọ́, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ o, àwọn tí bánkì kì í fẹ́ dá lóhùn ni wọ́n ń wá, obìnrin Fúlàní oníwàrà, àwọn Ọ̀họ̀rí, àwọn aláàbọ̀ ara tó ní ṣọ́ọ̀bù. Kétu ni màá máa gbé. Owó oṣù wọn ò tó èyí tí mò ń gbà, kọ́ńtíráàtì ọdún kan péré sì ni. Ìyàwó mi ní kí n má dán an wò, bàbá mi ní ta ló ń fi bánkì sílẹ̀ lọ kọ́ oníwàrà ní ìṣirò. Àmọ́ ojoojúmọ́ ni mò ń rí ẹni tí ọjà ẹ̀ ń yá tí kò sì ní ìwé kankan, èmi náà ni màá sọ fún un pé a ò lè yá a lówó, ó ti ń sú mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, kí ló wà nínú iṣẹ́ yìí gan-an? Ṣé olùkọ́ ni màá jẹ́ ni?

Ẹ̀gbọ́n Ìdẹ́nà (Kétu)
Àbúrò, olùkọ́ kọ́. Àwọn tó máa kọ́ wọn, Kùtọ̀nú ni wọ́n ti máa ń gbé wọn wá, wọ́n á sọ̀rọ̀ tán, wọ́n á padà. Iṣẹ́ tìẹ ni kó o wá èèyàn, kí wọ́n gbà láti wá, kí wọ́n má sá lọ lọ́jọ́ kejì, kó o tún máa tẹ̀ lé wọn dé ìdí ọjà wọn. Mo ti ṣe é níbí. Tó o bá fi ẹ̀kọ́ sí ọjọ́ ọjà, ìwọ nìkan lo máa jókòó. Tó o bá ní kí oníwàrà wá láàárọ̀, ìgbà yẹn gan-an ni wàrà ń bẹ lórí iná, ó ti bu omi bọmubọmu sí i, ó ń wò ó kó dì, ta ló fẹ́ kó fi í sílẹ̀ fún? Ọ̀sán ni tiwọn. Faransé sì ni gbogbo ìwé tí wọ́n máa kó lé ẹ lọ́wọ́, ẹni tó gbọ́ Fúlàní ni kó o kọ́kọ́ wá.

Ti ìṣirò tí bàbá ń wí yẹn, wọ́n mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Owó ilé àti owó ọjà tó wà nínú àpò kan náà ló ń dà wọ́n láàmú, àti náírà. Nígbà tí náírà já ní 2023, obìnrin kan tó ń tajà fún ará Nàìjíríà rò pé òun ń jèrè torí ọjà ń tán lójoojúmọ́, ìgbà tó fẹ́ fi sẹ́fà ra òmíì ló rí i pé owó yẹn ò gbé iye ọjà tó rà tẹ́lẹ̀ mọ́. Irú nǹkan báyìí ló yẹ kí wọ́n fi kọ́ wọn, kì í ṣe ìtàn ilé iṣẹ́ Paris.

Ìyá Aláṣọ
Ọmọ mi, kú ìrònú o. Wọ́n ti pè mí sí irú ẹ̀ rí ní hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n fún wa ní báàgì, a jẹun, a ya fọ́tò, ó tán, kò sẹ́ni tó tún béèrè mi. Tó bá jẹ́ ìyẹn lo fẹ́ lọ ṣe, jókòó sí bánkì ẹ jàre. Ọmọkùnrin kan tó wá jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù ló ṣe mí lóore, ó ya ìwé méjì sọ́tọ̀ fún mi, ó ní kí n máa san owó oṣù fún ara mi, kí n má kàn máa tọwọ́ bọ dúrọ́ọ̀. Òun náà ló bá mi gba IFU, nọ́ńbà owó orí. Mo ń san TPS báyìí, owó orí àwọn okòwò kéékèèké, 5 nínú 100 ohun tí mo bá tà, ó ń dùn mí o, àmọ́ mo ní ìwé tí mo lè gbé síwájú irú ẹ̀yin ará bánkì.

KòṣẹniMọ̀la
Ẹ má tan ọmọ ọlọ́mọ o. Onílé ò ní gba oore tó ṣe fún oníwàrà dípò owó ilé.

ỌmọṢábẹ̀ (Amẹ́ríkà)
Bọ̀dá, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀ níbí. 1969 ni ìjọba Nixon ti dá ọ́fíìsì sílẹ̀ fún okòwò àwọn ẹ̀yà tí ò pọ̀, aláwọ̀ dúdú, Látìnò àtàwọn míì, nígbà tó di 1980 ni Tuck, ilé ẹ̀kọ́ okòwò Dartmouth, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ fáwọn ọ̀gá okòwò bẹ́ẹ̀. Ibi tó wù mí níbẹ̀ ni pé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá máa ń sanwó fáwọn tó ń tajà fún wọn kí wọ́n lè lọ kẹ́kọ̀ọ́, torí náà ẹni tó máa ra ọjà lọ́wọ́ wọn ti wà nílẹ̀. Ẹ bi ẹgbẹ́ yẹn, tí wọ́n bá kọ́ oníwàrà tán, ta ló máa ra wàrà púpọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀? Tí wọn ò bá ní èsì, ẹ fura. Ẹ tún béèrè ẹni tó ń san owó oṣù yín, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí ọdún kan yẹn bá pé.

ỌmọWàndó
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ní ìsinmi nílẹ̀ tí mi ò tíì gbà, màá kọ́kọ́ fi wá Kétu kí n tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Màá bi wọ́n ní ìbéèrè ará Amẹ́ríkà yẹn náà. Ìyàwó mi ti ka gbogbo ẹ̀, ó ní Ìyá Aláṣọ nìkan lòun gbà gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n Ìdẹ́nà
Ó dáa. Ọjọ́ ọjà ni kó o wá, má dè wọ táì, wọ́n á rò pé owó orí lo wá gbà.