Jẹ́ẹ̀tì ogun wo ló tó owó tí wọ́n ń tà á? Ẹ bá wa parí ìjà yìí

Ọmọ Agbowó:

Ẹ̀yin tèmi, ẹ kú alẹ́ o. Wàhálà ló bẹ́ láàárọ̀ yìí níbi tá a ti máa ń ka ìwé ìròyìn ọ̀fẹ́ ní Mókọ́lá, ẹ ṣáà mọ ibẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ná kọ́bọ̀, ariwo nìkan ni. Bọ̀ọ̀dá kan ló ní ká ní Nàìjíríà ra jẹ́ẹ̀tì ogun F-22 ti Amẹ́ríkà kan ṣoṣo péré ni, ọ̀rọ̀ bandit ì bá ti parí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní ẹ̀gbọ́n, wọn kì í ta F-22 fún ẹnikẹ́ni. Ó ní irọ́ ni, pé kí ni owó ò lè rà lọ́wọ́ òyìnbó? Bó ṣe di gbọ́nmi-si-omi-ò-to nìyẹn, ẹnì kan ń pariwo F-35 tí Amẹ́ríkà náà ṣe, ẹlòmíì ní Rafale ti Faransé ni, baba tó ń ta káàdì ní ti Ṣáínà ló dáa jù torí ó pọ́ọ́kú, èmi àti bọ̀ọ̀dá yẹn wá ta tẹ́tẹ́ àmàlà, gbẹ̀gìrì, ẹran mẹ́ta.

Ìbéèrè mi rèé: tá a bá wo agbára ìjà, tá a sì wo owó, èwo ló dáa jù? Kí ló tún fà á tí iye owó wọn kì í fi í bára mu, ibì kan á ní F-35 jẹ́ 80 mílíọ̀nù dọ́là, ibòmíì á ní ó lé ní 100 dáadáa? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ là á yé mi o, mi ò ka sáyẹ́ǹsì.

Ẹ̀gbọ́n Alákìá:

Àbúrò, lọ gba àmàlà ẹ, o ti jẹ. Láti 1998 ni wọ́n ti fi òfin dè é ní Amẹ́ríkà pé F-22 ò gbọdọ̀ jáde lọ sí ìlú òkèèrè kankan. Japan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn gan-an fẹ́ ẹ, wọn ò tà á fún un. Èyí tí wọ́n ṣe kẹ́yìn jáde ní 2011, 187 péré sì ni iye tí àwọn ológun òfuurufú wọn gbà fún iṣẹ́ ogun. Kò sí tuntun mọ́ ní ibi kankan.

Ti owó yẹn, oríṣi owó méjì lò ń gbọ́. Àkọ́kọ́ ni owó ọkọ̀ níhòòhò: ẹ́ńjìnì ń bẹ níbẹ̀ o, rédà, ẹ̀rọ tó ń rí ọkọ̀ ọ̀tá láti ọ̀nà jíjìn, ń bẹ níbẹ̀, àmọ́ kò sí bọ́ǹbù, kò sí sípẹ́à, kò sẹ́ni tó máa kọ́ páílọ́ọ̀tì. Òun ni bíi 80 mílíọ̀nù fún F-35A. Èkejì ni owó àdéhùn, ìyẹn tẹrú-tọmọ. Wo India, Rafale 36 ni wọ́n buwọ́ lù ní 2016, 7.8 bílíọ̀nù yúrò. Pín in, ó lé ní 216 mílíọ̀nù yúrò lórí ẹyọ kan. Ẹni tó bá rí i á ní Faransé ti fá India lórí, bẹ́ẹ̀ míṣáìlì wà nínú ẹ̀, sípẹ́à wà níbẹ̀, títí kan àwọn àtúnṣe tí India fẹnu ara ẹ̀ béèrè. Tiwa náà ńkọ́? Ọkọ̀ òfuurufú ogun Super Tucano 12 tó dé ní 2021, owó ẹ̀ sún mọ́ 500 mílíọ̀nù dọ́là, àmọ́ ilé tí wọ́n kọ́ sí Kainji wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ tí àwọn páílọ́ọ̀tì wa lọ kọ́ ní Georgia wà níbẹ̀. Jẹ́ẹ̀tì JF-17 mẹ́ta tá a gbà lọ́wọ́ Pakistan lọ́dún yẹn kan náà, 184.3 mílíọ̀nù dọ́là ni ìjọba ọ̀hún fọwọ́ sí. Ẹni tó bá mú owó àdéhùn ọ̀kan, tó wá fi wé owó ìhòòhò ti èkejì, ẹ má dá a lóhùn.

Baba Micra:

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un torí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbọ́. Ní 2016 mo ta Micra méjì, mo fi ra jíìpù kan ní Bódìjà, ẹ́ńjìnì ńlá, ó ń dún bíi kìnnìún, ẹni tó tà á fún mi tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, mi ò fura. Owó tí mo fi rà á ò dùn mí, ó dínwó gan-an. Ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀ lọ ni ojú mi là: mo yí Araromi po láti àárọ̀ títí wọ́n fi ń palẹ̀ ọjà mọ́, ẹnì kan ṣoṣo ló ní in, iye tó pè é, mo kàn dákẹ́ mo ń wò ó lójú. Títí di òní yìí jíìpù yẹn wà lẹ́yìnkùlé mi, adìẹ ìyàwó mi ń sàba lórí síìtì ẹ̀yìn.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé F-16 ti Amẹ́ríkà ni èmi máa mú. Ó kọ́kọ́ fò ní 1974, wọ́n ti ṣe ju 4,500 lọ, orílẹ̀-èdè tó lò ó lé ní 25, kò sí ibi tí o ò ti ní rí sípẹ́à ẹ̀ àti mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n. Òun ni Micra ojú ọ̀run. F-35 tí ẹ ń pariwo, wákàtí kan péré lókè lé ní 30,000 dọ́là, ká fi dọ́là sí 1,500, 45 mílíọ̀nù náírà rèé o, wákàtí kan! Kó lọ Maiduguri kó tó bọ̀, owó ilé kan ní Àkóbọ̀ ti jóná tú ú.

Stealth UI:

Baba, ẹ má bínú sí mi o, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ìjà òfuurufú ti kúrò ní kí ọkọ̀ méjì máa lé ara wọn kiri. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ẹnìkejì ló jà jù. Ara F-35, bí wọ́n ṣe gé e àti ohun tí wọ́n fi kùn ún, rédà kì í tètè rí i, ikùn ẹ̀ ló ń kó míṣáìlì sí kó má baà hàn. Kámẹ́rà yí i ká débi pé àṣíborí páílọ́ọ̀tì, tó tó bíi 400,000 dọ́là fúnra ẹ̀, ń jẹ́ kó wo ilẹ̀ gba inú ọkọ̀ kọjá, á máa rí ohun tó wà lábẹ́ ìdí ẹ̀. Ohun tó bá rí, ó tún ń fi ránṣẹ́ sí àwọn yòókù. F-16 tẹ́ ẹ ń fẹ́ràn yẹn, wọ́n á ti ta á lọ́fà kó tó mọ ẹni tó wà níbẹ̀. Àléébù tó wà lára F-35 kò ju pé míṣáìlì ìjà òfuurufú mẹ́rin péré ló sábà máa ń gbà síkùn.

Ẹ rántí oṣù karùn-ún 2025, nígbà tí India àti Pakistan jà. Pakistan ní òun fi J-10C tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà já Rafale bọ́ láti ọ̀nà jíjìn, India kọ́kọ́ dákẹ́, nígbà tó yá ọ̀gá ológun wọn gbà pé àwọn pàdánù ọkọ̀, àmọ́ kò sọ iye. Ọkọ̀ ò lè dá nǹkan kan ṣe mọ́. Míṣáìlì tó gbé, rédà tó ń bá a wo iwájú, ibẹ̀ ni ìjà wà, baba tó ń ta káàdì yẹn ò sì kúkú sọ̀rọ̀ lásán.

Ẹ̀gbọ́n Alákìá:

Stealth, o gbọ́n, àmọ́ ẹni tí ò lè bọ́ ẹṣin kì í so ó mọ́lẹ̀. Ẹ wo Gripen ti Sweden, òun ni gbogbo ayé ń yìn pé owó ìtọ́jú ẹ̀ kéré. Ojú títì ló ń balẹ̀ sí, mẹkáníìkì kan pẹ̀lú ọmọ ogun márùn-ún á fi bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pọn epo sí i, wọ́n á so míṣáìlì tuntun mọ́ ọn, ó tún ti gbéra. (Kó má wá bà sí títì Ojoo sí Ìwó Road o, kòtò ibẹ̀ á gbé táyà mì.) Gúúsù Áfíríkà ra 26 nínú ẹ̀. Ní 2021 àdéhùn ìtọ́jú tán, owó ò sí, gbogbo ẹ̀ jókòó sílẹ̀ fún bíi ọdún kan. Gripen nìyẹn o, olówó pọ́ọ́kú!

Àwa náà ti jẹ irú iyán yẹn rí. Jẹ́ẹ̀tì ogun Jaguar 18 la rà lọ́wọ́ ìlú ọba, ọdún 1984 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ọkọ̀ gidi, nígbà tó fi máa di 1991 wọ́n ti gbé e sílẹ̀ torí owó.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà:

Mo ń kà yín bọ̀ látẹ̀ẹ̀kan. Ta ni Nàìjíríà fẹ́ bá jà lófuurufú gan-an? Bandit gun ọ̀kadà, kò ní rédà, ẹ wá fẹ́ fi ohun tó yára ju ohùn lọ ní ìlọ́po méjì lé e, kó tó fojú kan ọ̀kadà náà ó ti dé Niger. Ẹ̀yin ọkùnrin ni ẹ máa ń fi àáké gé ilá. Super Tucano tó ní abẹ̀bẹ̀ níwájú tẹ́ ẹ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn, ó rọra ń fò, ó lè wà lókè fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ó sì ní kámẹ́rà tó ń ríran lóru. Iṣẹ́ wa nìyẹn. Jẹ́ẹ̀tì M-346 mẹ́rìnlélógún tí wọ́n tún ní àwọn ń rà ní Ítálì, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó ṣàlàyé.

Àti pé ojú tó wà lókè ò tó o. Tudun Biri, oṣù kejìlá 2023, ní Kaduna, àwọn ológun ló gbà pé dróònù àwọn ló ju bọ́ǹbù lu àwọn tó ń ṣe ọdún Máólúdì. Ọmọ àbúrò mi ń sìnrú ìlú ní Kaduna nígbà yẹn, mi ò sùn títí ó fi gbé fóònù. Dróònù yẹn ò bàjẹ́, ẹni tó ń wo àwòrán ni ò mọ ohun tó ń wò.

Ọmọ Agbowó:

Mo ti ka gbogbo ẹ̀ sí bọ̀ọ̀dá yẹn létí lórí fóònù. Ó ní òfin 1998 yẹn, àwọn òyìnbó á ti yí i padà, pé kí n lọ wò ó dáadáa. Nígbà tó rí i pé mi ò ní gbà, ó ní àmàlà àti gbẹ̀gìrì lòun máa san, ẹran ò sí nínú ẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Baba Micra, jíìpù yẹn ṣì wà fún títà? Àwọn adìẹ ńkọ́?

Baba Micra:

Wọ́n ti pamọ, mẹ́sàn-án. Ó wà fún títà o, àmọ́ adìẹ ò sí nínú àdéhùn, níhòòhò ni mò ń tà á.