Ṣé kí n yí jẹnẹrétọ̀ mi sí gáàsì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Télọ̀ ni mí ní Bàrígà. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà bẹntiróò kan ò tó 200 náírà. Kíá ló fò sún mọ́ 500, ó sì ti kọjá 1,000 rí. Owó ìránṣọ mi ò lè sáré tó bẹ́ẹ̀.

Mo ti gbìyànjú. Áyọ́ọ̀nù ló ń jẹ epo jù, ni mo bá padà sí áyọ́ọ̀nù eléèédú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀ṣẹ́ná ta sórí léèsì oníbàárà, ó lu ú tó ẹyọ ẹ̀wà kan. Èmi ni mo ra òmíràn, ó sì dùn mí gan-an. Mo béèrè sólà, ṣùgbọ́n bátìrì tó lè gbé áyọ́ọ̀nù, ọwọ́ mi ò tó o.

Ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní òun lè so kàbúrétọ̀ rẹ̀ (ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́ kó tó wọ ẹ́ńjìnnì) mọ́ sílíńdà gáàsì ìdáná. Ẹ̀rù ń bà mí. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Tó bá jò, ilẹ̀ ló ń rọ̀ sí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù sì ni jẹnẹrétọ̀ mi wà, ògiri kan ṣoṣo ló là á sí yàrá tí àwọn ọmọ aládùúgbò mi ń sùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti yí tiyín sí gáàsì: ṣé ẹ lè lò ó ní irú àyè tó há báyìí?

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ sílẹ̀ o.